Ẹni Tó Dáná Ni Kó Sanwó Igi

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹsàn-án, 2025

Òjò láti ìdájí. Láti ìgbà Iléyá mi ò kọ nǹkan kan sínú ìwé yìí, torí kò sí ohun tó tó kíkọ. Lónìí, ó wà.

Obed, ajẹ́ńtì tó ń bá ẹgbẹ́ àwa obìnrin tó ń se ọṣẹ n'Íbàdàn, tí mo jẹ́ akọ̀wé fún, kó ọṣẹ dúdú láti Àpápá lọ sí Rotterdam, fi ìwé owó ẹrù ránṣẹ́ sórí Wásáàpù mi. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ohun tuntun kan sí: owó èéfín, ₦70,000. Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Ó ní àwọn ìjọba Yúróòpù ló ní kí ọkọ̀ òkun máa sanwó èéfín tó ń tú sí ojú sánmà, àwọn ọlọ́kọ̀ sì ti gbé e lé oníbàárà lórí.

Mo ní, "Èéfín wo ni ogún páálí ọṣẹ rú?"

Ó ní, "Màdámù, ẹ má bínú sí mi. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń san án nìyẹn."

Lẹ́yìn tí àwa obìnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n bá ti gba owó iṣẹ́ ọwọ́ wa, ohun tó ń kù sápò ẹgbẹ́ lórí ẹrù kan kò ju ₦90,000 lọ, òun la sì fi ń ra eérú èèpo kòkó àti àdín tuntun. Ẹ yọ àádọ́rin kúrò nínú àádọ́rùn-ún kẹ́ ẹ wo ohun tó kù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2

Mo bá Rachel sọ̀rọ̀. Ọmọ Òkè Bọ́lá ni, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tó ń ra ọṣẹ wa ní Rotterdam. Mo ní ṣé kò lè fi díẹ̀ kún owó wa. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Aunty Mujeebat, ẹ dákun, mi ò lè fi kọ́bọ̀ kan lé e. Àwọn ará Accra ń pè mí lójoojúmọ́, tiwọn ò wọ́n tó tiyín. Tó bá fi máa di ìparí oṣù Kẹwàá, ẹ jẹ́ kí n mọ ibi tí a dúró sí."

Ìparí oṣù Kẹwàá. Bí Rachel bá lọ, àtíbàbà tí a ti ń se ọṣẹ ní Bẹyẹrúnká yìí yóò di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn sí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, 4

Ìpàdé ẹgbẹ́. Mo ka lẹ́tà tí mo kọ sí Obed sí wọn létí: a kò ní san owó èéfín kankan, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n lọ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ọkọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Sọ̀fíyàt, tí ìkòkò rẹ̀ tóbi jù nínú gbogbo wa, ní kí n fi kún un pé olè ni. Mo fi kún un.

Àbámẹ́ta, 6

Obed fèsì. Ó ní kí n wá ọkọ̀ tí kì í rú èéfín, tàbí kí n ru ọṣẹ mi kí n lúwẹ̀ẹ́ dé Rotterdam.

Ọjọ́ Ajé, 8

Kẹ́ẹ̀gì àdín ti di ₦52,000. Òjò.

Jímọ̀, 12

Lẹ́yìn ìrun, mo yà sọ́dọ̀ Alhaji Àkíbù, àbúrò bàbá mi, ní ìsọ̀ ẹran wọn ní Ọjà'ba. Kí wọ́n lè bá mi bú Obed ni mo lọ fún. Mo rojọ́, títí kan kọ̀ńténà tí àwa àti àwọn ẹlòmíì jọ ń kó ẹrù sí, mo rò ó tán. Wọ́n ń nu ọ̀bẹ wọn, wọn ò wo ojú mi.

Wọ́n ní, "Ta tún ni ẹlòmíì tó lẹ́rù nínú kọ̀ńténà yẹn?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Báwo ni ẹrù wọn ṣe wúwo sí?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"O ò mọ ẹni tẹ́ ẹ jọ pín màlúù, o wá ń jà lórí itan." Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Mujeebat, ta ló ń pín màlúù Iléyá ní agboolé wa?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ẹni méje ló ń dá owó màlúù kan. Ẹni tó dá ìdá kan ń gba ìdá kan. Lọ́dún tí Sàláúdéènì agboolé wa dá ìdá mẹ́ta, ṣé ìdá kan ni mo gbé fún un? Ká ní mo gba owó ìdá kan lọ́wọ́ ẹ, tí mo gbé ìdá mẹ́ta fún un, ṣé wọn ò ní lé mi kúrò lágboolé? Owó màlúù kọ́ ló burú. Ìpín ló burú."

Mo ní èéfín kì í ṣe màlúù. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọn ò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní, "Mi ò ní bá ọ bú ẹni tó ní kí wọ́n sanwó èéfín. Omi gbé ṣọ́ọ̀bù mi lọ l'Ógùnpa lọ́dún 1980, mo mọ bí omi ṣe ń wọlé. Òjò tó ń rọ̀ nísinsìnyí kì í ṣe òjò ìgbà èwe mi. Wọ́n ní èéfín wà lára ohun tó fà á. Kí wọ́n san án. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó rú u púpọ̀ san púpọ̀."

Mo padà sílé pẹ̀lú ìjà tó yàtọ̀ sí èyí tí mo gbé wá.

Ọjọ́ Ajé, 15

Mo ní kí Obed fún mi ní orúkọ àwọn tó lẹ́rù nínú kọ̀ńténà wa tó kọjá, pẹ̀lú ìwọ̀n ẹrù wọn. Ó ní àṣírí oníbàárà ni. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní ìrọ̀lẹ́. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, èmi tí mo ń ra àdín lójoojúmọ́ ni yóò wá gbàgbé ìyẹn?

Ọjọ́bọ̀, 18

Ó fi í ránṣẹ́. Ó ní kí n jẹ́ kí etí òun sinmi.

Ẹni mẹ́sàn-án la wà. Gbogbo ẹrù jẹ́ tọ́ọ̀nù méjìdínlógún. Owó èéfín orí kọ̀ńténà náà jẹ́ ₦630,000, Obed sì pín in sí ọ̀nà mẹ́sàn-án dọ́gbadọ́gba. Ọkùnrin kan tó ń kó ata ilẹ̀ lọ nìkan ló ni tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, ìdajì gbogbo rẹ̀: ₦70,000. Tiwa jẹ́ irínwó kílò: ₦70,000.

Mo mú ẹ̀rọ ìṣirò. Bí wọ́n bá fi ìwọ̀n pín in, ₦35 ni kílò kan. Tiwa yóò jẹ́ ₦14,000. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, mo tún fi ọwọ́ ṣe é sórí ìwé. ₦14,000. Ìyẹn, a lè san. Mo dá rẹ́rìn-ín nínú àtíbàbà débi pé Sọ̀fíyàt béèrè bóyá ara mi yá.

Àbámẹ́ta, 20

Mo fi ìṣirò náà han àwọn obìnrin. Wọ́n ń kan sáárá sí mi, orí mi sì ń wú. Ìgbà náà ni Ìyá Àríkẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá yìí á ti tó ọgọ́rin ọdún. Ìkòkò rẹ̀ kò ju èyí tí a fi ń se àgbo lọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ló sì ń dáná, torí ẹ̀yìn ń ro ó. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè.

Ó ní, "Ìyáàfin akọ̀wé, ṣé kì í ṣe bá a ṣe ń pín owó igi níbí náà nìyẹn?"

Ọkọ̀ igi kan là ń rà lóṣù, ₦162,000, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ń dá ₦6,000. Èmi ni mo ń gbà á. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbà á.

Mi ò lè purọ́ fún ìwé ara mi. Inú bí mi sí ìyá náà. Mo ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun la ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ igi. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi," ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àìkú, 21

Mi ò lọ sí àtíbàbà.

Ọjọ́ Ajé, 22

Mo lọ ka ilà ara ògiri. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìdì igi kan, èédú ló ń fi fa ilà sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tí a sì ń fi ilà náà ṣe kò ju ká mọ ìgbà tí igi fẹ́ẹ́ tán. Igba ó lé àádọ́rin ìdì ló wà nínú ọkọ̀ kan, ₦600 ni ìdì kan. Lóṣù tó kọjá, Sọ̀fíyàt mú ogójì. Ìyá Àríkẹ́ mú méjì. Mo wá ka tèmi, mo fẹ́ kó kéré. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. ₦15,000 igi ni mo fi dáná, ₦6,000 ni mo san.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo ń pe Obed ní olè, mo sì ti ń fi owó àgbàlagbà dáná fún ọdún mẹ́ta.

Mo lọ bá Ìyá nílé. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n dákun. Wọ́n ní, "Kí lo ṣe? Mo rò pé bí ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn." Ọ̀rọ̀ tí Obed sọ fún mi gan-an ni. Ojú tì mí ju bí wọ́n bá bú mi lọ.

Ọjọ́bọ̀, 25

Ìpàdé gbóná. Mo ní láti oṣù tó ń bọ̀, iye ìdì tí oníkálukú bá mú ni yóò sanwó rẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ tèmi, ₦15,000, kí wọ́n má baà rò pé mò ń fi ọ̀rọ̀ náà bá ẹnì kan wí.

Sọ̀fíyàt dìde. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún ni tèmi á wá jẹ́! Ṣé torí pé mò ń ṣiṣẹ́ lẹ ṣe fẹ́ fìyà jẹ mí?"

Mo ní, "Kò sí ìyà níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ ń mówó wá fún ọ, igi iṣẹ́ rẹ ni kí o sanwó rẹ̀."

Ó jáde. A nawọ́: ẹni mọ́kàndínlógún fara mọ́ ọn, méje kò fara mọ́ ọn. Ó dùn mọ́ mi, ó sì bà mí lẹ́rù. Bí Sọ̀fíyàt bá fi wá sílẹ̀, ta ni yóò bá wa kún ogún páálí?

Jímọ̀, 26

Ìwúyè Olúbàdàn tuntun ní Mápó. Láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, èèyàn ò ríbi gbẹ́sẹ̀ lé. A ta ọṣẹ bí ẹni ń ta omi. Mi ò rí Sọ̀fíyàt.

Àbámẹ́ta, 27

Rédíò kéde pé ìgbìmọ̀ kan yóò gbọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn oníṣòwò àti àwọn ajẹ́ńtì ní gbọ̀ngàn Mápó, ní ọjọ́ keje oṣù tó ń bọ̀, lórí owó èéfín ọkọ̀ òkun, kí wọ́n tó lọ ṣèpàdé rẹ̀ ní London. Mo fi orúkọ ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. Nọ́ńbà àwọn tó lẹ́rù kékeré wà nínú ìwé Obed. Mo pe àwọn márùn-ún. Oní-zóbò kan ní òun rò pé òun nìkan ló ń sunkún. Bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Àwa mẹ́fà ti fẹnu kò: bí Obed bá kọ̀, a ó jọ kó ẹrù wa kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Kẹwàá

Mo gba owó igi. Ìyá Àríkẹ́ tú ìdí aṣọ, wọ́n ka ₦1,200, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí owó, wọ́n sì ká a bọ inú gèlè. Sọ̀fíyàt wá nígbẹ̀yìn. Kò kí mi. Ó gbé ₦24,000 kalẹ̀, ó gba ìwé tiẹ̀, ó lọ sídìí ààrò rẹ̀.

Nígbà tí mo yọjú wò ó, ó ń fi amọ̀ mọ ààrò náà yíká kí ooru má baà máa jáde. Ọdún mẹ́ta la ti ń sọ fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mi ò ní sùn láìkọ èyí.

Ẹsẹ̀ la fi gun òkè Mápó: èmi, Alhaji Àkíbù àti Ìyá Àríkẹ́ tó di ọwọ́ mi mú. Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mo wẹ̀yìn, mo rí Sọ̀fíyàt. Mi ò pè é. Ó ní òun fẹ́ fetí ara òun gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

Dókítà Yéwándé, olùkọ́ yunifásítì tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀, fi Yorùbá tó já gaara ṣàlàyé. Àwọn orílẹ̀-èdè yóò jókòó ní London lóṣù yìí láti sọ bóyá gbogbo ọkọ̀ òkun láyé ni yóò máa sanwó èéfín, àti ibi tí owó náà yóò máa lọ. Ó ní ohun tí òun fẹ́ kó lọ síbẹ̀ ni bí yóò ṣe kan ẹni tí ẹrù rẹ̀ kéré.

Wọ́n pè mí. Mo ka ìwé náà: tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, ₦70,000, irínwó kílò, ₦70,000. Mo ní a ò sọ pé a ò ní san. Mo ní kí wọ́n wọ̀n wá kí wọ́n tó dá owó lé wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́, mo sì jókòó.

Obed dìde. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fojú rí i nìyẹn. Mo ti rò ó sí ẹni tó tóbi jù bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹgbẹ́ wo ló wà n'Íbàdàn yìí tí kì í dá owó dọ́gba? Bó ṣe rọrùn fún yín níbí náà ló ṣe rọrùn fún mi l'Ápàápá."

Àwọn èèyàn kùn. Òótọ́ ni, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ oṣù tó kọjá ló sọ ọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ìbá kú sí.

Ìyá Àríkẹ́ na ọwọ́ sókè. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún wọn, Ìyá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fa ìwé ẹ̀rí yọ nínú gèlè. "Ọmọ mi, ẹgbàáta ni mo ń san fún igi tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó ń se àgbá ọṣẹ ṣe ń san án. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ẹgbẹ̀fà ni mo san. Ìdì méjì ni mo mú. Wò ó, wọ́n kọ ọ́ síbí."

Obed ní, "Ìyá, ta ló wá ń san ìyókù?"

"Èmi ni." Sọ̀fíyàt ti dìde lẹ́yìn mi. Mo di àga mú. Ó ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún. Ó dùn mí wọra, mi ò sì kí akọ̀wé wa fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n èmi ni mo dáná."

Gbọ̀ngàn náà hó. Ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ dà pọ̀. Dókítà Yéwándé ní kí Sọ̀fíyàt tún un sọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ajẹ́ńtì mìíràn dìde, ó ní kílò lòun fi ń gbà á ní tòun, kí ẹni tó bá fẹ́ wá bá òun. Mo gbé ìwé tí àwa mẹ́fà fọwọ́ sí sókè, mo sì rí i tí Obed ń ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Alhaji Àkíbù ló sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Wọ́n ní bí owó èéfín bá wọlé, kò yẹ kó jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn olówó nìkan ni yóò sùn sí. Kí wọ́n fi lára rẹ̀ la ojú omi Ògùnpa àti irú rẹ̀ káàkiri, torí àwa tí a kò ní ọkọ̀ òkun ni omi ń wọlé bá. Wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lórí àtẹ̀gùn, Obed ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní mo fún un. Sọ̀fíyàt kí mi nígbà tí a dé Ọjà'ba. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Mo dá a lóhùn bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí.

Àbámẹ́ta, 18

London sún ọ̀rọ̀ síwájú di ọdún tó ń bọ̀. Alhaji ní, "Tiwọn le ju tiwa lọ. Àwọn tó ní àgbá ńlá ṣì pọ̀ níbẹ̀ tí wọn kò tíì lọ ka ilà ara ògiri." Ó dùn mí díẹ̀. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Wọ́n á padà wá síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 23

Ìwé owó ẹrù tuntun. Owó èéfín: irínwó kílò ní ₦35, ₦14,000.

Mo pariwo. Gbogbo àtíbàbà dáwọ́ dúró. Mo kà á fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ní kí n tún un kà. Oní-zóbò pè mí, ó ń kọrin sínú fóònù.

Ọjọ́ Ajé, 27

Rachel fẹ́ ogójì páálí dípò ogún. Ó ní òun ti sọ fún àwọn ará Accra pé kí wọ́n má bínú.

Mo wolẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ewúrẹ́ ò ní ríbi sùn ní àtíbàbà wa.

Ọjọ́bọ̀, 30

Owó igi. Sọ̀fíyàt mú ìdì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n dípò ogójì, ọṣẹ rẹ̀ kò sì dín. Ó ń júwe ààrò alámọ̀ rẹ̀ fún gbogbo èèyàn bíi pé òun ló dá amọ̀. Èmi náà ti fi amọ̀ mọ tèmi.

Ìyá Àríkẹ́ wá. Wọ́n ti fi owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn ra ìkòkò mìíràn, ó tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin sì ń bá wọn ro ọṣẹ inú rẹ̀. Wọ́n ka owó sórí tábìlì, wọ́n tún un kà.

"Ẹgbẹ̀ẹ́dógún. Ìdì márùn-ún."

Mo ka ilà. Márùn-ún ni, ₦3,000. Mo ní, "Ìyá, ó ju ti oṣù tó kọjá lọ o."

"Mo mọ̀." Wọ́n na ìka sí ara ògiri, níbi tí èédú ti ń parẹ́ lábẹ́ orúkọ wọn. "Bá mi tún ilà yẹn fà kó hàn dáadáa. Èmi náà ti ń dáná."

Mo mú èédú, mo tún un fà, márààrún.